Fíríìjì Yìí Kò Wà fún Títà

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ ní ọsibítù pé àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣe ọ́, tí ọjọ́ orí rẹ kò sì tíì pé ogún ọdún, ìwọ ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún èmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wò mí lójú ní oṣù náà, ó ní n kò ní í dé ogún ọdún. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Mo ti gba abẹ́rẹ́ mi láàárọ̀ yìí, mo ti jẹun, kí n tó mú bírò.

N kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ, bí ó ṣe tẹ̀ léra, pẹ̀lú àṣìṣe kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kí ìwọ má baà ṣe irú rẹ̀.

Òùngbẹ ni ó kọ́kọ́ dé. Okokomaiko ni a ń gbé, ní ilé kan tí ó ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún dojú kọ márùn-ún, balùwẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lẹ́yìn. Yàrá kan ni tiwa: Bàámi, Màámi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin, Bọ́sẹ̀. Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé wọn, wọ ilé oníkálùkù tí ohun gbogbo wọ́n bí ojú. Mo ń lọ sí ilé ìwé girama ní ọ̀nà Iba. N ó mu omi ife mẹ́ta kí n tó kúrò nílé, n ó tún dé kíláàsì, n ó dojú kọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí a jọ ń mu. Ọ̀gá kíláàsì wa sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé, “Fọlákẹ́, jọ̀wọ́, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹja o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún bu òmíràn.

Bí omi ṣe ń wọlé ni ó ń jáde. Ebi ń pa mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo ń rù. Mo fi okùn so síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé mi mọ́ ìbàdí. Màámi rí okùn náà, ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

“Fọlákẹ́, wò mí lójú. Ìgbà wo ni o ṣe nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?”

“Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“N kò ní o ṣe nǹkan kan. Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ẹni tí ó gbà mí gbọ́ ni ìyá onílé wa, arúgbó ọmọ Ọ̀jọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó ń pariwo pé, “Ta ní ń da ṣúgà sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ mi tí èèrà fi kún ibẹ̀ báyìí?”

Màámi dá a lóhùn láti inú yàrá pé, “Ìyá Àgbà, láyé SAP yìí, ta ní rí ṣúgà rà tí yóò tún wá dà á sílẹ̀?”

Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹ̀bá balùwẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, ó ń ṣọ́ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Ní ọjọ́ kẹta ó pe Màámi, ó ní, “Ọmọ rẹ àgbà ni. Ìtọ̀ rẹ̀ ni èèrà ń bò. Ohun tí ó pa bàbá Sùráájù ọkọ mi ni mo rí yẹn. Gbé e lọ sí ọsibítù lónìí.”

Màámi ní, “Àtọ̀gbẹ kẹ̀? Àìsàn àwọn olówó tí wọ́n ti dàgbà nìyẹn, Ìyá Àgbà. Kí ni a rí jẹ?”

“Mo ní kí o gbé e lọ.”

Ọsibítù ìjọba tí a lọ jìnnà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi wọ bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ a bá èrò tí ó ti tò dé ìta. Àwọn kan ti fi bàtà wọn sí orí bẹ́ńṣì láti fi di àyè mú, wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ igi. A tò láti gba káàdì. A tún tò láti rí dókítà. A tún tò fún àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí oòrùn fi là, mo ti bì lẹ́ẹ̀mejì, mímí mi sì ti yára. Obìnrin kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n dìde fún mi ní iwájú, ó sọ fún àwọn tí ó kù pé, “Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Ọmọ yìí kò ní lè dúró.” N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dá mi dúró. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín, ni ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gún ara mi lábẹ́rẹ́. Ọsàn ni mo fi kọ́ ọ. Mo gún ọsàn náà títí ó fi ń ro omi. Síríńjì onígíláàsì ni nígbà náà. A máa sè é nínú omi kí a tó lò ó, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tí ó ní ìdérí. Nọ́ọ̀sì náà ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì náà, ẹ̀ẹ̀kan ni lójúmọ́, ní òwúrọ̀. Ó ní ibi tí ó tutù ni kí a máa tọ́jú ìgò rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí mi.

“Má gba abẹ́rẹ́ yìí kí o má jẹun. Ṣé o gbọ́? Bí o bá gbà á tí o kò jẹun, o lè ṣubú kí o má dìde mọ́.”

“Mo gbọ́, mà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sílé ju gbogbo èyí tí ó kù lọ. Fi ọkàn sí i, nítorí mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó tún fún Màámi ní ìwé kan tí wọ́n kọ oúnjẹ sí: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Màámi ní kí n kà á fún òun. Ó bi nọ́ọ̀sì pé, “Ẹja? Lójoojúmọ́?” Nọ́ọ̀sì wo bàtà ẹsẹ̀ Màámi tí a fi okùn so, ó ní, “Èyí tí ẹ bá rí, Màmá. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀.”

Òwúrọ̀ gan-an ni wàhálà ilé wa. Bíríkìlà ni Bàámi. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti dá dúró káàkiri Iba. Ògiri dé ìdajì, owó onílé tán. Bàámi a gbé kọ̀ǹkọ̀sọ̀ àti irin iṣẹ́ rẹ̀ jáde láàárọ̀, a sì gbé wọn padà wálé lọ́sàn-án láìlò wọ́n. Màámi ń ta kerosín onígò ní ẹnu ọ̀nà. Gààrí ni a ń mu lọ́sàn-án, èbà ni a ń jẹ lálẹ́, a kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Nígbà tí mo dé láti ọsibítù, Màámi wá ra ìkòkò kékeré kan, ó ń se ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún èmi nìkan, ó ń gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bọ́sẹ̀. Ní òwúrọ̀ kejì tàbí ìkẹta, ó dúró tì mí, ó ń wo ṣíbí bí ó ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní, “Màámi, èmi náà fẹ́ ní àtọ̀gbẹ.”

Màámi gbá a lójú. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó bo ojú. Láti ọjọ́ náà, bí Màámi bá ti jáde sídìí kerosín rẹ̀, mo máa ń ti ìdajì ẹ̀wà náà sí iwájú Bọ́sẹ̀. Ẹ̀wà náà kò tó ènìyàn méjì. Nígbà tí ó yá, kò tó ènìyàn kan.

Ẹ̀gbọ́n Bàámi tí mo sọ, Ìyá Ìlarò ni a ń pè é nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ó gbọ́, ó sì dé pẹ̀lú jálá àgbo mẹ́ta: ewúro, dóńgóyárò, àti òmíràn tí n kò mọ̀. Ó fi yé wa pé ọ̀rọ̀ náà kò le.

“Dídùn ló wà lára ọmọ yìí. Kíkorò ni yóò lé e jáde. Ẹ kó abẹ́rẹ́ òyìnbó yẹn dànù. Ọmọbìnrin tó ń gún itan ara rẹ̀ láràárọ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ṣé ẹ rò pé yóò tilẹ̀ pẹ́ débẹ̀? Ogún ọdún, n kò rí i.”

Mo mu àgbo náà, nítorí mi ò lè dá àgbà lóhùn nígbà náà. Ó korò débi pé etí mi gbóná. Ṣùgbọ́n mo gba abẹ́rẹ́ mi síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí o mu ewé, bi nọ́ọ̀sì rẹ léèrè kí o tó mu ún, kí o má sì torí rẹ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láéláé.

Ibi tí ó tutù ni ó tún kù. A kò ní fíríìjì. Ìkòkò omi Màámi ni a kọ́kọ́ fi ìgò náà sí nínú ọ̀rá. Omi wọnú ọ̀rá, ìwé ara ìgò bó. Bàámi bá rántí ẹnì kan. Ó ti mọ ògiri fún Ọ̀gá Ike rí, ọmọ Ìbò kan tí ó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́yìn Ọjà Àlàbá. Bàámi mú mi lọ síbẹ̀. Ọ̀gá Ike ga, ó sanra, Yorùbá rẹ̀ yára ju tiwa lọ, kò sì ka ohùn ọ̀rọ̀ sí. Ó ní, “Bíríkìlà, ṣé nǹkan kékeré yìí lo ń tijú bẹ̀ mí sí? Gbé e wá!”

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí. Bí wọ́n bá tún fíríìjì ṣe tán, wọn kì í jẹ́ kó lọ lọ́jọ́ kan náà. Wọn a tan án sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, láti mọ̀ bóyá àtúnṣe náà dúró. Nítorí náà, fíríìjì tó tutù kì í wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń sùn síbẹ̀, wọn a ti ṣí ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ń rin wákàtí kan láti Okokomaiko lọ síbẹ̀ láràárọ̀, agolo síríńjì mi lọ́wọ́ kan, abọ́ ẹ̀wà mi lọ́wọ́ kejì. N ó gba abẹ́rẹ́, n ó jẹun, n ó sì rìn padà lọ sí ilé ìwé.

Ó dára bẹ́ẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀wà kò wá tó mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe mi. Rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ: má gba abẹ́rẹ́ kí o má jẹun. Mo rò ó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ọjọ́ tí kò bá sí oúnjẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá. Mo rò pé bí n kò bá jẹun, ṣúgà náà kò ní rí ibi wọlé. Nítorí náà, bí ẹ̀wà bá kéré, mo máa ń fún Bọ́sẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, n kò ní lọ sí Àlàbá lọ́jọ́ náà, n ó sì gba ilé ìwé lọ tààrà. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé oúnjẹ kò tó? Ta ni kò mọ̀ nílé?

Ojú ìlà àsẹ́ḿbílì ni mo ṣubú sí. Nígbà tí mo lajú, ọjọ́ méjì ti kọjá, omi ń wọ apá mi, nọ́ọ̀sì kúkúrú nì sì dúró tì mí ní ọsibítù.

“Abẹ́rẹ́ mélòó lo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

“Ẹyọ kan, mà.”

“Ta ló ní kí o fi sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ ní bí n kò bá jẹun...”

Ó fa àga, ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i tí ó jókòó nìyẹn. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ìdajì ni mo sọ fún ọ. Gbọ́ ìdajì kejì. Ara rẹ ń fẹ́ abẹ́rẹ́ yìí yálà o jẹun tàbí o kò jẹun. Bí o bá fi í sílẹ̀ pátápátá, ṣúgà yóò gun òkè fúnra rẹ̀, láìsí oúnjẹ kankan. Ọjọ́ tí kò bá sí oúnjẹ, má jókòó sílé kí o máa ṣe ìṣirò. Wá oúnjẹ. Bí o kò bá rí i, wá sí ọ̀dọ̀ wa, a ó sọ ìwọ̀n tí o máa gbà fún ọ. Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tí o fi ń fi í pamọ́.”

Ìwọ tí o ń ka èyí, ìdajì kejì náà nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbí kí ìwọ má baà gba ìdajì kan lọ sílé bíi tèmi.

Ìyá Ìlarò dé ọsibítù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ti múra láti gbé mi lọ. Ó ní kí wọ́n gbé mi wá sí Ìlarò, òun ó máa fún mi ní àgbo láràárọ̀ àti lálẹ́, kí a sì gbàgbé abẹ́rẹ́. Màámi ń sunkún. Bàámi ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé wọn ó gbà.

Mo ní, “Ìyá Ìlarò, ẹ ṣeun. Mi ò lọ.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò lọ, mà. Ọjọ́ tí mo gba abẹ́rẹ́, mo lọ sí ilé ìwé. Ọjọ́ tí mi ò gbà á, ibí ni mo wà. Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́, oúnjẹ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ nǹkan míì.”

Ojú tì mí. N kò tíì fèsì fún àgbàlagbà báyìí rí. Ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ lè rìn lẹ́yìn tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo lọ sí Àlàbá. Ìgò kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀, tí Bàámi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó rà á, ó sì ti pẹ́ tí n kò ti rí òmíràn ní ilé oògùn kankan, torí oògùn wọ́n lọ́jà nígbà náà. Mo dé ibi tí fíríìjì funfun tí mo fi ìgò mi sí máa ń wà. Ilẹ̀ ni mo rí.

“Ọ̀gá, fíríìjì ibí yìí ńkọ́?”

“Ìyẹn? A ti tà á. Ọjọ́ mẹ́ta báyìí.” Ó ń bá irin lọ. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó gbé irin sílẹ̀. “Chineke! Oògùn ẹ!”

Ó yíjú sí àwọn ọmọọ̀ṣẹ́. “Ẹ ò wo inú ẹ̀?”

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọ̀gá, kò wá mọ́. A rò pé ó ti kó nǹkan ẹ̀ lọ.”

N kò sunkún. Mo bi í ẹni tí ó rà á. Ó ní ìyàwó sájẹ́ǹtì kan ni, ní Báráàkì Ọ̀jọ́, tí ó fẹ́ máa ta omi tútù. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ.” Ó wo aṣọ ilé ìwé mi, ó wo agolo mi, ó wọ ṣáàtì rẹ̀.

A dúró pẹ́ ní géètì kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó dúdú, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. Bí ó ṣe rí Ọ̀gá Ike ni ó ti yarí. “Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀! Mi ò dá fíríìjì padà o. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kì í ṣe fíríìjì la bá wá. Ìgò kékeré kan ni, ó wà ní ibi ẹyin.”

Ó la ẹnu. “Ìgò yẹn? Mo rò pé oògùn fíríìjì ni! Èmi rò pé òun ló ń jẹ́ kó tutù. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, fíríìjì á kú, èmi náà á sì pa á.”

Ó mú wa wọ ilé rẹ̀, ìgò náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ibi tí mo fi í sí, ẹnikẹ́ni kò yí i. Mo di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin náà gbọ́ ohun tí ó jẹ́, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“O ti jẹun?”

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ti máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Rárá, mà. Mi ò tíì jẹun. Ebi ń pa mí.”

Ó gbé ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín wá. Mo gba abẹ́rẹ́ mi lórí ìjókòó ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀gá Ike, pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀, kọjú sí ògiri. “Ó ti tán?” ni ó ń bèèrè. “Ó ti tán àbí kò tíì tán?”

Nígbà tí a padà dé, mo dúró láàárín àwọn fíríìjì rẹ̀.

“Ọ̀gá, mélòó ló wà níbí?”

“Ṣé èmi mọ̀? Dem plenty.”

“Èwo ni ti oníbàárà, èwo ni títà?”

Ó fi ìka kan orí. “Ó wà níbí.”

“Níbẹ̀ náà ni oògùn mi wà nígbà tí ẹ tà á.”

Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ hó yèè. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Mo sọ fún un pé èmi lè kọ̀wé dáadáa. Mo ní n ó gé páálí tẹlifíṣọ̀n sí wẹ́wẹ́, n ó máa kọ orúkọ onífíríìjì, ohun tí ó ń ṣe é, ọjọ́ tí ó wọlé, n ó sì so ó mọ́ ọn lára. Àwọn tí kò sí fún títà, n ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri ilé tí ẹbí ń jà lé lórí káàkiri Ọ̀jọ́: kò wà fún títà.

“Èló lo máa gbà?”

“Mi ò gba owó. Oúnjẹ òwúrọ̀ ni mo fẹ́, nínú èyí tí àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ yín ń jẹ, kó tó di aago méje, lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìsinmi náà. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ jù. Mi ò gba búrẹ́dì oní-ṣúgà.”

Ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé o wá tọrọ ni àbí o wá pàṣẹ?”

“Mo wá ṣiṣẹ́ ni, Ọ̀gá.”

Ó gbà. Páálí àkọ́kọ́ tí mo kọ, ara fíríìjì tí oògùn mi wà ni mo so ó mọ́.

Ìyá Ìlarò gbọ́, ó sì tún dé. Ọmọ girama, láàárín àwọn ọmọkùnrin Ìbò ní Àlàbá, ní kùtùkùtù! Kí ni ayé yóò wí? Màámi náà ti ń mi orí pé òótọ́ ni. Bàámi ni ó dáhùn, ẹni tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń jẹun níbẹ̀ láàárọ̀. Ó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi bàbá rẹ̀ kò lè ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

N kò mọ ohun tí ó ná an láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà kékeré náà di ti Bọ́sẹ̀.

Mo jáde ilé ìwé girama. Owó yunifásítì kò sí, n kò sì fẹ́ kúrò lẹ́bàá oògùn mi. Mo sọ fún Ọ̀gá Ike pé kó kọ́ mi ní iṣẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń jó páìpù, bí a ṣe ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, bí a ṣe ń rọ òmíràn sí i. Àwọn oníbàárà a dé, wọn a ní, “Ẹ pe ọ̀gá yín.” Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ a nawọ́ sí mi. Àwọn ọdún tí epo wọ́n, tí iná kì í sì í dé fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fi yìnyín inú kúlà tọ́jú ìgò mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò rí oúnjẹ tó. Mo lọ bá ẹni tí ó ní, mo sọ pé ebi ń pa mí. Àwọn kan fún mi, àwọn kan bú mi. Èébú kò pa mí.

Ní ọjọ́ tí mo pé ogún ọdún, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlarò. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dání. Ìyá Ìlarò wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

“Fọlákẹ́? Kí ló dé? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà. Mo pé ogún ọdún lónìí. Mo ní kí n wá kí yín.”

Ó wò mí, ó wò mí. “Olóríkunkun ni ọ́,” ni ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó dìde, ó lọ se ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. A jọ jẹ ẹ́. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ àgbo mọ́ títí ó fi kú.

Ọkùnrin tí ó fẹ́ mi, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá kí mi ni mo gbé agolo síríńjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo ní bó bá fẹ́ sá, ọ̀nà nìyẹn. Ó bi mí bóyá abẹ́rẹ́ náà máa ń dun ènìyàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Méjì wà láàyè. N kò ní purọ́ fún ọ pé ó rọrùn. Wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan, nítorí egbò tí mo fojú kéré. Ojú òsì mi kò ríran kedere mọ́. Máa wo ẹsẹ̀ rẹ lójoojúmọ́.

Iba ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà. Mo ń tún fíríìjì ṣe, mo ń tà á. Gbogbo wọn ni ó ní páálí lára. Èyí tí ó wà lẹ́bàá tábìlì mi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ìgò oògùn ọmọ mẹ́jọ àti tèmi ni ó wà nínú rẹ̀, orúkọ oníkálùkù wà lára tirẹ̀. Àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n háyà yàrá ní Iba, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí ìyá wọn kò ní iná nílé. Wọ́n ń wá láràárọ̀. Ìkòkò ẹ̀wà máa ń wà lórí sítóòfù. Ẹni tí kò bá tíì jẹun kò gbọdọ̀ parọ́ fún mi. Òfin kan ṣoṣo tí mo ṣe nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé wá ra fíríìjì. Mo fi mẹ́fà hàn án, kò wo ọ̀kankan. Èyí tí ó wà lẹ́bàá tábìlì ni ó ń wò. Ó ní òun gbọ́ bó ṣe ń dún, pé ẹ̀rọ rẹ̀ dára. Mo nawọ́ sí páálí ara rẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ iye kan. Mo mi orí. Ó sọ ìlọ́po rẹ̀.

“Ìyá, kò sí nǹkan tí kò ní iye tí wọ́n ń tà á.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀.” Ó sún. Aago méje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àwọn ọmọ ti ń tò wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, mo mú ìgò tèmi.